Ológò Inú Fóònù: Bí Áàpù Ayánilówó Ṣe Fi Ìtìjú Dógò, àti Bí Òfin Ṣe Ń Lé E Bọ̀ Lẹ́yìn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún 2021, kí n tó dìde lórí ibùsùn, àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp kan wọlé sórí fóònù mi láti nọ́ńbà tí n kò mọ̀ rí. Àwòrán obìnrin kan ló wà níbẹ̀, irú àwòrán tí ènìyàn máa ń ya ara rẹ̀ nínú yàrá tí iná kò mọ́lẹ̀ tó. Lábẹ́ àwòrán náà ni wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé olè ni, pé oníjìbìtì ni, pé kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n sọ fún un kó wá san owó olówó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ọlọ́pàá yóò kó òun àti gbogbo ẹni tó bá ń bò ó láṣìírí. Mo tẹjú mọ́ ọn títí kí n tó dá a mọ̀. Aránṣọ kan ni, tó bá mi rán aṣọ nígbà ìgbéyàwó àbúrò mi ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà. N kò bá a jẹ, n kò bá a mu, n kò sì ṣe onígbọ̀wọ́ fún un lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tó pa wá pọ̀ ni pé nọ́ńbà mi ṣì wà nínú fóònù rẹ̀. Nígbà tí mo pè é, ẹkún ló fi gbé e. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ ṣe ẹnì kẹtàdínlógún tó pè mí láàárọ̀ yìí." ₦20,000 ló yá. ₦14,000 ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ọjọ́ méje péré ni wọ́n sì fún un.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 2025, ìlànà tuntun kan tí FCCPC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, gbé kalẹ̀ fún àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Látìgbà náà ni àwọn kan ti ń béèrè ohun tó kan ìjọba nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó yáwó àti ẹni tó yá a lówó. Ìdáhùn tèmi ni pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò láàárín àwọn méjèèjì láti ọjọ́ tí fóònù ti di ìwé àdéhùn. Èmi tí n kò yá kọ́bọ̀ ni wọ́n jí lójú oorun pẹ̀lú ẹ̀sùn, àwọn mẹ́rìndínlógún mìíràn sì ti ṣáájú mi.

Gbèsè kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa, bẹ́ẹ̀ ni fífi ìtìjú gba gbèsè kì í ṣe ohun tuntun. Láyé àtijọ́, bí ajigbèsè bá ń fi olówó rẹ̀ ṣeré, tí olówó béèrè títí tó sú u, ológò ni yóò rán sí i. Ológò yóò wọ ilé ajigbèsè lọ, yóò jókòó tì í, yóò máa pariwo, yóò máa bú tilé-tọ̀nà, yóò máa béèrè oúnjẹ, adìẹ tó bá sì bá nílé yóò di ẹran ọbẹ̀ rẹ̀, kò sì ní dìde títí wọn yóò fi wá owó náà jáde. Iṣẹ́ tó le ni, kò sì sí ẹni tó fẹ́ rí ológò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Síbẹ̀, ológò kì í dá ara rẹ̀ rán. Àwọn aláṣẹ ìlú ni olówó máa ń lọ bá, àwọn ni wọ́n sì ń fún ológò láyè láti lọ dógò ti ènìyàn. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n lójú, wọ́n mọ ẹni tó rán an, bó bá sì kọjá àyè rẹ̀, wọ́n mọ ibi tí wọn yóò ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ológò inú fóònù kò ní ojú, kò ní orúkọ, kò sì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ilé ajigbèsè nìkan ló ń wọ̀, ilé gbogbo ẹni tí ajigbèsè mọ̀ ló ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa kò burú ní ìbẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oníṣòwò kékeré tó bá nílò owó kíákíá kò ní ọ̀nà púpọ̀: àjọ tó ń dá lọ́dọ̀ alájọ, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bó bá wà nínú rẹ̀, tàbí àwọn ayánilówó inú ọjà tí àwọn ènìyàn sọ owó wọn ní gbọ́mú-lé-lántà nítorí bó ṣe ń jó ẹni tó bá gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ gbà nínú èyíkéyìí nínú wọn gbọ́dọ̀ ní ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó sì lè dúró fún un. Báǹkì kì í tilẹ̀ wo irú wọn lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún 2014, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé BVN jáde, nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹnì kan ṣoṣo, tí wọ́n so mọ́ ìka ọwọ́ àti ojú rẹ̀, tó sì so gbogbo àkáǹtì rẹ̀ pọ̀. Ó wá ṣeé ṣe fún ẹni tí kò rí ọ rí láti mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ pé ìwọ ni ìwọ ń jẹ́. Fóònù Android náà wá di ohun tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù ń tó. Nígbà tí áàpù ayánilówó Paylater bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, ọ̀pọ̀ ènìyàn rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé wọ́n lè yáwó láìní onígbọ̀wọ́, láìkọ ìwé kankan, láìdọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun iyì ni èyí jẹ́ fún ẹni tó ti jókòó rí láti àárọ̀ di alẹ́ níwájú ọ́fíìsì máníjà báǹkì.

Lẹ́yìn náà ni àrùn Kòrónà dé. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ kéde kónílé-ó-gbélé ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ọjà kú, ẹni tó ń jẹun látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kò rí nǹkan kan mú wálé, àìní owó sì ti àwọn ènìyàn sọ́dọ̀ áàpù. Ìgbà náà ni àwọn áàpù tí kò ní ọ́fíìsì, tí kò ní orúkọ tí ènìyàn lè tọpa rẹ̀, hù jáde bí olú. Ẹni tí wọ́n bá pa orúkọ áàpù rẹ̀ rẹ́ lónìí á tún fi orúkọ mìíràn yọ lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí ènìyàn bá ṣí irú áàpù bẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, àpótí funfun kékeré kan yóò yọ lójú fóònù, yóò béèrè bóyá kí áàpù náà máa rí àkójọ nọ́ńbà inú fóònù rẹ. Bóo bá kọ̀, áàpù náà kò ní lọ síwájú. Àpótí mìíràn yóò tún yọ, yóò béèrè bóyá kó máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ, nítorí pé inú àtẹ̀jíṣẹ́ ni áláàtì báǹkì wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń mọ iye tó ń wọlé fún ọ lóṣù. Òmíràn á béèrè àwòrán, òmíràn á béèrè ibi tóo wà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì sì ń dúró de owó oògùn, kò ní jókòó ka ohun tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Yóò tẹ ibi tí wọ́n kọ "Allow" sí lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, owó yóò sì wọlé. Ní ìṣẹ́jú náà gan-an, orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo wa tó wà nínú fóònù rẹ̀, ìyá, àna, pásítọ̀, ọ̀gá ibi iṣẹ́, oníbàárà ọdún méjì sẹ́yìn, ti di ẹ̀dà lórí kọ̀ǹpútà ayánilówó. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ ni ènìyàn fi ń dógò, tàbí kó fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ẹni tó sì fi nǹkan dógò mọ ohun tó fi sílẹ̀. Àwa tí wọ́n fi orúkọ wa dógò yìí, kò sẹ́ni tó bi wá. Ìdí rèé tí n kò fi gba àwíjàre àwọn tó ń sọ pé ẹni tó yáwó ti fọwọ́ sí i. Ó lè fọwọ́ sí ti ara rẹ̀, kò lágbára láti fọwọ́ sí tèmi.

Ní ti owó fúnra rẹ̀, ìṣirò aránṣọ yẹn tó láti fi hàn. ₦6,000 ni wọ́n yọ kúrò kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀, ₦14,000 ló fi ra òwú àti aṣọ tó fi ń tẹ́ inú aṣọ, ₦20,000 ló sì gbọ́dọ̀ dá padà ní ọjọ́ keje. Lórí náírà kọ̀ọ̀kan tó gbà, yóò san kọ́bọ̀ 42 ó lé díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn àgbà kò ṣèṣì pe irú ayánilówó bẹ́ẹ̀ ní sogún-dogójì. Òfin orí ilé ìtajà Google ti sọ tipẹ́ pé áàpù kankan kò gbọdọ̀ yáni lówó tí wọn yóò gbà padà pátápátá láàárín ọgọ́ta ọjọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ ọ́ sí ojúde pé oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń fúnni, ènìyàn yóò wọlé tán kó tó rí i pé ọ̀sẹ̀ kan ni.

Ṣùgbọ́n èlé kọ́ ló pa àwọn ènìyàn lára jù. Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àwọn ayánilówó yìí sì mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Wọ́n ń fi àwòrán ajigbèsè ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Wọ́n ń kó àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ sínú ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp láti bú u lójú gbogbo wọn. Wọ́n ń ṣe ìwé ìkéde òkú fún ẹni tó wà láàyè, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní ìlú. Ẹni tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ rẹ̀ kì í béèrè ẹni tó jẹ gbèsè kó tó bú sẹ́kún.

Ìjọba kò tètè rí ibi tí yóò gbá mú. Òfin ayánilówó tó wà nílẹ̀ jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń fún ayánilówó ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì ṣe òfin náà fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù àti pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ onílùú, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó bá sọ lórí tẹlifóònù, ṣùgbọ́n ta ni aránṣọ yóò pè lẹ́jọ́ nígbà tí kò mọ orúkọ ẹni tó ń bú u? NITDA, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè ìmọ̀ ẹ̀rọ, ló kọ́kọ́ gbé ìgbésẹ̀ tí ojú rí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ó lo ìlànà ìdáàbòbò ìwífún tó ṣe lọ́dún 2019, ó sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé iléeṣẹ́ Soko Lending lórí nítorí pé ó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ da àwọn tí kò sí nínú àdéhùn owó láàmú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, FCCPC àti àwọn àjọ mìíràn pẹ̀lú ọlọ́pàá ya wọ àwọn ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà, wọ́n kó kọ̀ǹpútà àti ìwé jáde.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Babatunde Irukera tó jẹ́ ọ̀gá FCCPC nígbà náà kò dúró de ilé ẹjọ́ nìkan. Àjọ náà pàṣẹ fún Google àti Apple pé kí wọ́n yọ áàpù tó jẹ̀bi kúrò nílé ìtajà wọn, ó sì pàṣẹ fún àwọn iléeṣẹ́ tó ń bá ènìyàn sanwó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n má ṣe bá ayánilówó tí kò gbàṣẹ ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tí a kò mọ ilé rẹ̀, a mọ ojú ọ̀nà tó ń gbà kọjá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, àjọ náà gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ onígbà díẹ̀ jáde, Google sì gbà pé áàpù ayánilówó kankan kò ní wà nílé ìtajà òun fún àwọn ará Nàìjíríà àyàfi tó bá mú ìwé àṣẹ FCCPC wá. Bí ìlú ṣe gba àṣẹ fífún ológò láyè padà nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé onílé ló ti gbà á.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, òfin mìíràn tí Google ṣe fún gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: áàpù tó bá ń yáni lówó kò gbọdọ̀ béèrè àyè láti rí àkójọ nọ́ńbà tàbí àwòrán inú fóònù ẹnikẹ́ni mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lu òfin ìdáàbòbò ìwífún ti ilẹ̀ Nàìjíríà, tó fi NDPC, àjọ tó ń bójú tó òfin náà, múlẹ̀, tó sì sọ pé iléeṣẹ́ ńlá tó bá rú u lè san mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Inú mi dùn sí ohun tí Google ṣe, nítorí ó di ojú ihò tí wọ́n ń gbà wọlé. Àmọ́ kò yẹ kí inú wa dùn jù, nítorí ohun tí iléeṣẹ́ aládàáni kan ní Califonia lè fi ọjọ́ kan ṣe, ó lè fi ọjọ́ kan tú u ká, ẹnikẹ́ni ní Abẹ́òkúta kò sì dìbò yàn án.

Àwa nìkan kọ́ ló dé irú oríta yìí. Ní Kẹ́ńyà, níbi tí wọ́n ti ń yáwó lórí fóònù pẹ̀lú M-Shwari láti ọdún 2012, ọdún 2022 ni báǹkì àgbà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ayánilówó orí fóònù ní ìwé àṣẹ. Ọdún kan náà ni báǹkì àgbà ilẹ̀ Íńdíà sọ pé áàpù ayánilówó kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àkójọ nọ́ńbà inú fóònù. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, òfin ti kọ̀ ọ́ láti ọdún 1977 pé kí agbowó gbèsè máa sọ gbèsè ènìyàn fún aládùúgbò rẹ̀ tàbí ọ̀gá rẹ̀.

Ìlànà FCCPC ti ọdún 2025 wá le ju ti ìṣáájú lọ. Owó ìtanràn lè tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí iléeṣẹ́ náà pa, wọ́n sì lè lé olùdarí rẹ̀ kúrò nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ó kan àwọn tó ń yáni ní owó ìpè àti dátà pẹ̀lú, ó sì fòfin de kí ayánilówó máa ti owó sínú àkáǹtì ẹni tí kò béèrè. Ẹni tí irú èyí kò bá ṣẹlẹ̀ sí rí lè rò pé àwàdà ni, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n jí láàárọ̀ bá owó tí wọn kò tọrọ nínú àkáǹtì, tí èlé rẹ̀ sì ti ń gorí ara wọn.

Kí n má parọ́ mọ́ àwọn ayánilówó tó ń ṣe é bó ti yẹ, àwọn náà ní ẹ̀dùn ọkàn. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń yáwó lórí áàpù mẹ́wàá láìní èrò àtisan kọ́bọ̀, tí wọ́n á yọ káàdì inú fóònù sọnù lọ́jọ́ kejì. Owó tí irú wọn kó lọ ló ń di èlé lórí ẹni tó ń san tirẹ̀. Ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ fún gbígba gbèsè wà: àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń san gbèsè ní òfin tiwọn láti ọdún 2017, láti ọdún 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ sì ti gbà kí báǹkì fi BVN yọ gbèsè nínú àkáǹtì ajigbèsè níbikíbi tó bá wà. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ áàpù kò sí lábẹ́ Báǹkì Àpapọ̀, wọn kò sì lè lo ọ̀nà yẹn. Bí ìjọba bá fẹ́ kí wọ́n jáwọ́ nínú ìtìjú pátápátá, ó yẹ kó ṣílẹ̀kùn ọ̀nà tó tọ́ fún àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀, kó sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó gbà á.

Ní báyìí, àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé ìtajà Google kò lọ tán. Wọ́n ń fi líǹkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp àti Facebook, kí ènìyàn fúnra rẹ̀ gbé áàpù náà sórí fóònù láìgba ilé ìtajà kọjá, níbi tí òfin Google kò dé. Àwọn kan tó forúkọ sílẹ̀ náà ti wá ọgbọ́n mìíràn: wọn kò gba àkójọ nọ́ńbà mọ́, wọ́n ń ní kí o kọ nọ́ńbà ẹni méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n sì máa ń pè bí ọjọ́ bá pé. Ibí ló yẹ kí FCCPC àti NDPC tẹjú mọ́ jù. Kò yẹ kí nọ́ńbà ẹnikẹ́ni di ti onígbọ̀wọ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó sọ pé òun gbà; ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pè é láti béèrè.

Aránṣọ yẹn san owó náà lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn; ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yá a. Ó pa nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè é tì, gbogbo àwọn oníbàárà tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó jẹ́ pé fóònù nìkan ni wọ́n fi ń rí i, sì bá nọ́ńbà náà lọ. Owó ìtanràn tí ìlànà ń gbà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kì í dé ọ̀dọ̀ irú rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò ìwífún ti ọdún 2023 sọ pé ẹni tí wọ́n bá fi ìwífún rẹ̀ pa lára lè lọ sí ilé ẹjọ́ gba owó gbà-má-bínú. Mo bá a wá lọ́yà kan láti béèrè bí ènìyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Owó tí lọ́yà náà béèrè kó tó fọwọ́ kan fáìlì rẹ̀ ju ₦20,000 lọ ní ìlọ́po púpọ̀, aránṣọ náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dìde, ó ní aṣọ kan wà lórí ẹ̀rọ tí oníbàárà ń bọ̀ wá gbà lọ́sàn-án.